Ìdámọ̀ ariwo pọ́ǹpù omi àti bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́

Ìdámọ̀ ariwo pọ́ǹpù omi àti bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì ni ọ̀nà tí mẹkáníìkì, awakọ̀ tàbí ẹni tó ni ọkọ̀ ń gbà wádìí ibi tí ariwo iwájú ẹ́ńjìnì ti ń wá, kí a tó tú ohunkóhun, kí a sì tó ra ẹ̀yà tuntun. Nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà, ariwo méjì ló wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Èkíní ni igbe bẹ́líìtì, tó máa ń dún tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì ń gún ènìyàn létí. Èkejì ni kíkùn pọ́ǹpù omi, tó máa ń dún wúwo bí ìgbà tí a bá ń lọ nǹkan lórí ọlọ. Àwọn méjèèjì sún mọ́ ara wọn lára ẹ́ńjìnì, bẹ́líìtì kan náà ló sì sábà máa ń yí pọ́ǹpù náà. Ìdí nìyí tí a fi máa ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Àṣìṣe yìí ní ìyà nínú: ẹni tó bá fa bẹ́líìtì le kọjá bó ṣe yẹ kí igbe rẹ̀ lè dákẹ́ lè ba bíárìn pọ́ǹpù jẹ́, bí pọ́ǹpù bá sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójú ọ̀nà, ooru lè ba ẹ́ńjìnì jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìmọ̀ yìí wúlò púpọ̀ ní Ore àti gbogbo Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbó ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Níbẹ̀ ni ọ̀nà Èkó sí Bìní ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí ìlú Òǹdó àti èyí tó lọ sí Òkìtìpupa, ọkọ̀ èrò, ọkọ̀ akẹ́rù àti ọkọ̀ tó ń kó gẹdú, tí púpọ̀ nínú wọn ti lo ọ̀pọ̀ ọdún, sì ń kọjá níbẹ̀ tọ̀sán-tòru.

## Àwọn ẹ̀yà tí ọ̀rọ̀ kàn

### Pọ́ǹpù omi

Iṣẹ́ pọ́ǹpù omi, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní wọ́tà-pọ́ǹpù, ni láti máa ti omi yípo láti inú ẹ́ńjìnì lọ sínú rédíétọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè tù ú níbẹ̀, kí ó sì padà wá gba ooru mìíràn. Ọ̀pá irin kan ló wà láàárín rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ kékeré tó ń ti omi wà ní orí ọ̀pá náà tó wọ inú omi. Púlì tí bẹ́líìtì ń yí sì wà ní orí kejì tó yọ síta. Bíárìn ló gbé ọ̀pá náà dúró ṣinṣin, síìlì ni kì í sì í jẹ́ kí omi dé ọ̀dọ̀ bíárìn.

Láàárín síìlì àti bíárìn, àwọn tó ń ṣe pọ́ǹpù máa ń lu ihò kékeré kan sí abẹ́ rẹ̀. Ihò yìí kì í ṣe àbùkù. Bí síìlì bá ti ń jẹ, omi tó bá sá kọjá yóò gba ibẹ̀ jáde síta dípò kí ó wọ inú bíárìn. Nítorí náà, ojú omi, ìpẹtà tàbí àwọ̀ funfun bí ẹfun lábẹ́ ihò náà jẹ́ àmì pé síìlì ti ń lọ. Bí omi bá sì ti ń dé ara bíárìn, gíríìsì inú rẹ̀ yóò ṣàn dànù, irin yóò máa ha irin, ariwo yóò sì bẹ̀rẹ̀.

### Bẹ́líìtì

Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì jẹ́ rọ́bà tí a fi okùn líle hun inú rẹ̀. Ó ń gba agbára lára púlì kíráńkì, ó sì ń pín in fún pọ́ǹpù omi, fún ọ́tánétọ̀ tó ń ṣe iná sí bátìrì, àti, nínú ọkọ̀ tó bá ní wọn, fún páwà sítíárìn àti ẹ̀rọ amúlétutù. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀:

* Bẹ́líìtì onígun, tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Òun ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ mọ̀ sí fáànbẹ́líìtì, nítorí pé òun ló ń yí fáànù àti pọ́ǹpù pọ̀ nínú ọkọ̀ àtijọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi ń há mọ́ kòtò púlì, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ náà bá ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí bẹ́líìtì fi jókòó sí ìsàlẹ̀ kòtò, kò lè di púlì mú mọ́, bó ti wù kí a fà á le tó.
* Bẹ́líìtì onílà, tó fẹ̀, tó sì pẹlẹbẹ, tó ní ìlà gígùn mélòó kan nínú. Ọ̀kan ṣoṣo rẹ̀ lè yí gbogbo ẹ̀rọ iwájú ẹ́ńjìnì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, apá kan tó ní sípíríǹgì, tí à ń pè ní tẹ́ńṣọ́nà, ló ń fà á le láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi sípánà kàn án.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn bẹ́líìtì ń sọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, 6PK1230 túmọ̀ sí bẹ́líìtì onílà mẹ́fà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1,230.

## Ìtàn ní ṣókí

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló ní pọ́ǹpù omi. Nínú Ford Model T, tó jáde ní 1908, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn gbára lé ìṣesí omi fúnra rẹ̀: omi gbígbóná ń gòkè lọ sínú rédíétọ̀, omi tútù sì ń sọ̀kalẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnì. Bí agbára ẹ́ńjìnì ṣe ń pọ̀ sí i, ọ̀nà yìí kò tó mọ́, pọ́ǹpù sì di dandan. Bẹ́líìtì onígun tí a fi rọ́bà ṣe jáde láti ilé-iṣẹ́ Gates ní ìlú Denver, ní Amẹ́ríkà, ní 1917. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 ni bẹ́líìtì onílà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ọkọ̀.

Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975. Peugeot 504 àti Volkswagen Beetle, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìjàpá, di ọkọ̀ tí mẹkáníìkì gbogbo mọ̀ bí ẹni mowó. Ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes-Benz 911 sì gba iṣẹ́ gẹdú, yanrìn àti ẹrù oko. Lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, tí náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọkọ̀ tòkunbọ̀ sì kún ojú ọ̀nà. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti lo bẹ́líìtì àti pọ́ǹpù rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilẹ̀ òkèèrè kí ó tó dé èbúté. Nítorí náà, ariwo iwájú ẹ́ńjìnì wà lára àwọn ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá rà á máa ń bá pàdé.

## Ní Ore àti Odigbó

Ore ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbó. Ipò rẹ̀ ní ìkóríta ló mú kí orúkọ rẹ̀ wọ inú ìtàn ogun abẹ́lé, nígbà tí wọ́n dá àwọn ọmọ ogun Biafra tó ń bọ̀ sí ìhà Èkó dúró níbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967. Ipò yìí kan náà ló sọ ọ́ di ibùdó ìsinmi ńlá. Ọkọ̀ èrò tó ń lọ láti Èkó sí Bìní àti ìlà oòrùn Nàìjíríà máa ń dúró níbẹ̀ kí èrò lè jẹun. Láti àwọn ìletò bí Ajue, Araromi-Obu àti Agbabu ni ọkọ̀ tó ń kó kòkó, epo pupa àti gẹdú ti ń jáde sí òpópónà.

Ipò ilẹ̀ náà ní ipa lórí bẹ́líìtì àti pọ́ǹpù ní ọ̀nà mẹ́rin. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku pupa ojú ọ̀nà oko máa ń wọ inú kòtò púlì, á sì máa ha rọ́bà bí ìwé ìfágbá. Nígbà òjò, omi inú kòtò ojú ọ̀nà máa ń ta sórí bẹ́líìtì, ó sì lè ké fún ìgbà díẹ̀ bí kò tilẹ̀ sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀kẹta ni omi odò tàbí omi ẹrọ̀fọ̀ tí àwọn kan máa ń bù sínú rédíétọ̀ bí ó bá gbẹ lójú ọ̀nà. Iyanrìn inú irú omi bẹ́ẹ̀ máa ń ha síìlì pọ́ǹpù, omi lásán sì máa ń fa ìpẹtà. Ẹ̀kẹrin ni ẹrù wúwo, tó ń mú kí ẹ́ńjìnì gbóná ju ti ọkọ̀ tó ṣófo lọ.

Ìdúró ní Ore tún ní àǹfààní kan. Lójú eré, ariwo afẹ́fẹ́ àti ti taya máa ń bo ti ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni awakọ̀ máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ti ń bá a bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí ó pinnu bóyá ọkọ̀ náà lè máa lọ tàbí kó dúró, nítorí pé igbó ló pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lẹ́yìn Ore, ní ìhà Ìjẹ̀bú àti ní ìhà Bìní.

## Irú ariwo àti ohun tó ń tọ́ka sí

* Igbe gígùn tó mú, tó ń jáde nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ ní òwúrọ̀, tí a tan iná iwájú àti ẹ̀rọ amúlétutù, tàbí tí a yí sítíárìn dé òpin: bẹ́líìtì ń yọ̀ lórí púlì. Ó lè dẹ̀, ó lè ti gbó tí ojú rẹ̀ sì ń dán, tàbí kí epo ti dà sí i. Ti òwúrọ̀ wọ́pọ̀ nítorí pé ọ́tánétọ̀ ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan láti dá iná tí sítátà lò padà sínú bátìrì.
* Ìró kéékèèké tó ń tẹ̀ lé ara wọn, bí ohùn ọmọ adìyẹ, tó ń yá bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yá: àwọn púlì kò tò sórí ìlà kan náà, tàbí ìlà inú bẹ́líìtì ti bàjẹ́ ní ojú kan.
* Kíkùn wúwo tàbí ìró bí òkúta tó ń yí nínú agolo, tí kò yí padà nítorí iná tàbí sítíárìn, ṣùgbọ́n tó ń ròkè bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yára: bíárìn ti jẹ. Ó lè jẹ́ ti pọ́ǹpù omi, ti ọ́tánétọ̀, tàbí ti púlì adarí-bẹ́líìtì.
* Kíkùn tó ń jáde nígbà tí a bá ń yí sítíárìn nìkan: ó sábà máa ń jẹ́ pọ́ǹpù páwà sítíárìn tí epo rẹ̀ ti dínkù.
* Ìró bí ìgbà tí a ń fi ọ̀já na nǹkan: etí bẹ́líìtì ti ya, ó sì ń na ohun tó wà nítòsí rẹ̀.
* Ìró irin tó ń kan irin pẹ̀lú fáànù tó ń mì: ọ̀pá pọ́ǹpù ti ní àlàfo púpọ̀. Èyí ló léwu jù, nítorí pé fáànù lè já, kí ó sì gé rédíétọ̀.

Ní kúkúrú, bẹ́líìtì máa ń ké, bíárìn máa ń kùn. Igbe máa ń yí padà bí iṣẹ́ tí a gbé lé bẹ́líìtì bá yí padà. Kíkùn kò náání ìyẹn, eré ẹ́ńjìnì ló ń tẹ̀ lé.

## Ìlànà àyẹ̀wò

### Ààbò

Ibi tó tẹ́jú ni a ń gbé ọkọ̀ sí, pẹ̀lú bíréèkì ọwọ́ ní fífà, kí gíà má sì wọlé. Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò kò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ aláwọ̀sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ so ẹ̀gbà tàbí fìlà olókùn, nítorí pé bẹ́líìtì lè gbá a mú. Fáànù oníná lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀ bí a tilẹ̀ ti pa ẹ́ńjìnì. A kì í ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó bá gbóná: agbára ooru ló há omi mọ́ inú rẹ̀, bí a bá sì ṣí i, omi tó ti kọjá ìwọ̀n ìhó yóò tú jáde sójú ẹni.

### Ìpele kìíní: fífi ojú wò ó

Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, a ó fi tọ́ọ̀ṣì wo bẹ́líìtì yíká. Ẹ̀gbẹ́ tó ń dán bí gíláàsì, lílà, fífẹ́ bí òwú létí, àti ojú epo, gbogbo wọn jẹ́ àmì. Àwọn bẹ́líìtì onílà tòde òní kì í tètè là. Ìlà inú wọn ló máa ń jẹ kó fẹ̀ sí i, nítorí náà àìlà kò túmọ̀ sí pé bẹ́líìtì dára. Lẹ́yìn náà ni a ó wo abẹ́ pọ́ǹpù fún omi àti ìpẹtà, a ó sì wo ìwọ̀n omi nínú rédíétọ̀. Omi tó ń dínkù láìsí ibi tí a rí i kó ti ń jò yẹ kó mú wa wo ihò abẹ́ pọ́ǹpù dáadáa, nítorí pé ooru ẹ́ńjìnì lè gbẹ díẹ̀díẹ̀ tó ń jò kí ó tó kán sílẹ̀.

### Ìpele kejì: fífi ọwọ́ wò ó

Fún bẹ́líìtì onígun, a ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tó gùn jù láàárín púlì méjì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ó yẹ kí ó wọlé ní nǹkan bí mìlímítà 10 sí 15. Bí ó bá wọlé jù bẹ́ẹ̀, ó dẹ̀. Bí kò bá mì rárá, ó ti le jù. Lẹ́yìn èyí ni a ó di púlì pọ́ǹpù tàbí abẹ fáànù tó wà lórí rẹ̀ mú, a ó sì mì í síwájú-sẹ́yìn àti sókè-sísàlẹ̀. Kò yẹ kí a rí àlàfo kankan tí ọwọ́ lè mọ̀. Bí púlì bá ń mì, pọ́ǹpù ti parí iṣẹ́, kò sì sí ìdí láti máa bá àyẹ̀wò lọ.

### Ìpele kẹta: gbígbé iṣẹ́ lé bẹ́líìtì

Pẹ̀lú ẹ́ńjìnì títàn, a ó tan iná iwájú, fáànù inú ọkọ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì yí sítíárìn. Bí ariwo bá ń dìde, tó sì ń rọlẹ̀ pẹ̀lú wọn, bẹ́líìtì ló ń yọ̀. Bí kò bá yí padà, bíárìn ni kí a máa fura sí.

### Ìpele kẹrin: wíwọ́n omi

A ó wọ́n omi mímọ́ díẹ̀ sí inú bẹ́líìtì láti inú ike, láìna ọwọ́ sún mọ́ ọn. Bí igbe bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó tún padà, ó ṣeé ṣe kí púlì má tò dáadáa. Bí igbe bá pọ̀ sí i, bẹ́líìtì dẹ̀, tàbí tẹ́ńṣọ́nà rẹ̀ ti rẹ̀. Bí omi kò bá yí ohunkóhun padà, ariwo náà kì í ṣe ti bẹ́líìtì.

### Ìpele karùn-ún: fífi etí wá a

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kò ní ẹ̀rọ ìgbọ́ran bíi ti dókítà, ṣùgbọ́n sikirudíráfà gígùn tàbí igi gbígbẹ tó gùn ń ṣe iṣẹ́ kan náà. A ó fi ẹnu rẹ̀ kan ara pọ́ǹpù níbi tí kò yí, a ó sì gbé orí rẹ̀ sí etí. Lẹ́yìn náà a ó gbé e lọ sí ara ọ́tánétọ̀ àti àwọn yòókù. Ibi tí ìró bá ti le jù ni bíárìn tó jẹ wà.

### Ìpele kẹfà: yíyọ bẹ́líìtì

Èyí ni àyẹ̀wò tó ń parí àríyànjiyàn. A ó pa ẹ́ńjìnì nígbà tó tutù, a ó yọ bẹ́líìtì, a ó sì tan ẹ́ńjìnì fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú péré, nítorí pé omi kò yípo mọ́. Bí ariwo bá lọ, ó wà lára ohun tí bẹ́líìtì ń yí. Bí ó bá ṣì wà, inú ẹ́ńjìnì ni kí a wá a sí. Lẹ́yìn tí a bá ti pa á, a ó fi ọwọ́ yí púlì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dára yóò yí jẹ́jẹ́ láìdún. Èyí tó bàjẹ́ yóò máa ṣe gìrìgìrì lábẹ́ ọwọ́.

## Ìyàtọ̀ láàárín irú ọkọ̀

Nínú Peugeot 504, fáànù wà lórí pọ́ǹpù omi, nítorí náà ìwúwo fáànù wà lórí bíárìn pọ́ǹpù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní fáànù tí mágínẹ́ẹ̀tì oníná ń so mọ́ púlì nígbà tí omi bá gbóná, tó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tó bá tutù. Híhó afẹ́fẹ́ tó bá dé lójijì tó sì lọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àrùn. Orí ẹ́ńjìnì 504 jẹ́ alumíníọ̀mù, ooru àpọ̀jù sì lè tètè mú kí ó tẹ̀, kí gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jó.

Ìjàpá kò ní pọ́ǹpù omi, nítorí pé afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀. Síbẹ̀, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí dínámò àti fáànù ìtura pọ̀, bí ó bá sì já, ìtura parí. Bí a ṣe ń fà á le yàtọ̀: awẹ́ méjì ni púlì náà, àwọn òrùka pẹlẹbẹ tó wà láàárín wọn ni a ń yọ tàbí kún. Bí a bá yọ òrùka kan, awẹ́ méjèèjì á sún mọ́ra, bẹ́líìtì á gòkè, á sì le.

Nínú 911 àti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù oní-dísù mìíràn, ariwo ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ lè bo kíkùn pọ́ǹpù mọ́lẹ̀. Àyẹ̀wò ọwọ́ lórí fáànù ló ṣeé gbára lé jù fún wọn, ó sì yẹ kí a ṣe é kí a tó kó gẹdú lé ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Toyota Camry oní-sìlíńdà mẹ́rin ti àwọn ọdún 1990, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Orobo àti Pencil Light, ń dá àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lójú rú. Pọ́ǹpù omi rẹ̀ wà lẹ́yìn ìbòrí, bẹ́líìtì táímìnì ló sì ń yí i. Bí a bá yọ bẹ́líìtì ìta, kíkùn pọ́ǹpù kò ní dákẹ́. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó bọ́gbọ́n mu láti pààrọ̀ pọ́ǹpù nígbàkigbà tí a bá ti tú ibẹ̀ láti pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìnì.

## Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni fífa bẹ́líìtì le ní gbogbo ìgbà tó bá ké. Bí ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì bá ti gbó, ó lè dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹrù tí fífà náà gbé lé bíárìn pọ́ǹpù àti ti ọ́tánétọ̀ kò dúró. Ó ń jẹ wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí kíkùn bá wá bẹ̀rẹ̀, awakọ̀ á rò pé àìsàn tuntun ni, bẹ́ẹ̀ àtúnṣe àná ló bí i. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Igbe tí etí ń gbọ́ ni làpálàpá, bíárìn tó ń jẹ ni ẹ̀tẹ̀.

Àwọn kan máa ń fi ọṣẹ tàbí àbẹ́là pa bẹ́líìtì. Èyí lè pa igbe mọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú kí eruku lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń bo àmì mọ́lẹ̀. Epo ẹ́ńjìnì tàbí gíríìsì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó ń mú rọ́bà wú, ó sì ń mú un rọ̀. Dídí ihò abẹ́ pọ́ǹpù pẹ̀lú gọ́ọ̀mù kò dá omi dúró. Ó kàn ń darí rẹ̀ sínú bíárìn. Yíyọ tẹ́mósítáàtì kúrò, tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa, kò wo pọ́ǹpù sàn rárá.

## Àtúnṣe

Bẹ́líìtì tó ti gbó ni a ń pààrọ̀. Kì í ṣe ohun tí a ń tún ṣe. Nọ́ńbà ara ti àtijọ́ ni a fi ń ra tuntun, a ó sì fọ kòtò púlì mọ́ kí a tó gbé e sí i. Bẹ́líìtì onígun tuntun máa ń fà díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà kúkúrú, nítorí náà ó yẹ kí a tún wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí epo tàbí omi ló ba ti àtijọ́ jẹ́, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dí ibi tó ti ń jò.

Pọ́ǹpù tí bíárìn tàbí síìlì rẹ̀ ti lọ ni a máa ń pààrọ̀ lódindi nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Kí a tó sanwó, a ó gbé ti àtijọ́ àti ti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a ó wo ìga púlì, ihò bóòtì àti ìwọ̀n abẹ̀bẹ̀ omi. Bí ó bá jẹ́ Belgium ni a fẹ́ rà, ìyẹn ẹ̀yà àlòkù láti òkèèrè, a ó fi ọwọ́ yí i, a ó mì í, a ó sì wo abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun ni a ń lò, a ó sì fọ inú rédíétọ̀ kí ìdọ̀tí àtijọ́ má bàa ha síìlì tuntun.

## Ìpinnu lójú ọ̀nà

Bí iná bátìrì bá tàn lójijì, tí sítíárìn le, tí ìwọ̀n ooru sì ń gòkè, ó ṣeé ṣe kí bẹ́líìtì ti já. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà, kí ó pa ẹ́ńjìnì, kí ó sì gbé C-caution sẹ́yìn ọkọ̀. A kì í da omi tútù sára ẹ́ńjìnì tó gbóná tàbí sínú rẹ̀, nítorí pé irin lè là. Ẹ́ńjìnì tó ti gbóná kọjá ààlà nílò ìsinmi tó pọ̀ kí a tó ṣí rédíétọ̀.

Níbi tí ohun tó ṣẹlẹ̀ kò tíì tó bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ àárín igbe àti kíkùn ló ń tọ́ awakọ̀ sọ́nà. Bẹ́líìtì tó ń ké ṣùgbọ́n tí kò ya, tí ìwọ̀n ooru sì dúró síbi tó yẹ, lè rọra gbé ọkọ̀ dé ìlú tó kàn. Pọ́ǹpù tó ń kùn, tó ń jò, tí púlì rẹ̀ sì ń mì, kò gbọ́dọ̀ kúrò ní Ore, bí èrò tilẹ̀ ń kùn pé ilẹ̀ ń ṣú. Owó pọ́ǹpù kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àtúnṣe orí ẹ́ńjìnì, kò sì sí èrò tó fẹ́ sùn sínú igbó nítorí ariwo tí awakọ̀ ti gbọ́ láti ọ̀sán.

## Ìtọ́jú

Kúláǹtì tí a pò mọ́ omi mímọ́ gẹ́gẹ́ bí olùṣe rẹ̀ ṣe là á sílẹ̀ ń dènà ìpẹtà, ó sì ń gbé ìwọ̀n ìhó omi ga kọjá 100°C. Ó yẹ kí awakọ̀ máa wo bẹ́líìtì àti abẹ́ pọ́ǹpù nígbà tó bá ń wo epo ẹ́ńjìnì ní òwúrọ̀, kí ó sì tún fọ eruku kúrò lára púlì lẹ́yìn ìrìn àjò ọ̀nà oko. Bẹ́líìtì àpòjù kan tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ọkọ̀ mu, pẹ̀lú sípánà tó lè tú u àti ike omi mímọ́, wà lára ohun tí ọkọ̀ tó ti pẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní lójú ọ̀nà jíjìn.